Ilé Ìtajà Ohun Ìkọ̀wé àti Pósíkáàdì: Bí Àṣenajú Kò Ṣe Ní Jẹ Owó Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí dá lórí ilé ìtajà kékeré, irú èyí tí a ti ń ta ìwé, bírò, pẹ́ńsùlù, rúlà àti àwọn ohun ìkọ̀wé yòókù. Ìdí méjì ni a fi mú un wá. Èkíní, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wá yá owó láti ṣí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ní Òfìkì níhìn-ín ń pọ̀ sí i. Èkejì, ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnì kan dìde, ó ní kí akọ̀wé ṣàlàyé ìdí tí òun pàápàá fi jẹ ẹgbẹ́ ní owó oṣù méjì kí ó tó san án. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè sínú ìwé kò gbọdọ̀ fo orúkọ tirẹ̀ dá. Nítorí náà, a ó ṣàlàyé, a ó sì fi ọ̀rọ̀ ara wa kọ́ ara wa lọ́gbọ́n.

Ohun tó fà á kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe olè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọjà kò tà. Pósíkáàdì ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀.

KÍ NI PÓSÍKÁÀDÌ?

Káàdì pélébé ni, tí ó ní àwòrán ní ojú kan. Ní ojú kejì, a ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí apá òsì, a ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ín sí apá ọ̀tún, a ó sì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn lókè. Kò ní àpò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e lọ lè kà á. Bí a bá rò ó dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Bí ẹnì kan bá sín owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ọ, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ yín jọ, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ìránṣẹ́ rí ẹyọ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló mọ adùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pósíkáàdì: ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ẹnì kan rántí rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1869 ni ìjọba Austria-Hungary kọ́kọ́ gbé káàdì bẹ́ẹ̀ jáde. Olùkọ́ nípa ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Emanuel Herrmann ló dá àbá náà. Ohun tó wí kò le: ó ní ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà díẹ̀ lọ kò yẹ kó ná ènìyàn ní tákàdá, àpò, àkókò àti owó tó tó ti lẹ́tà gígùn. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n à-ń-ṣọ́-owó-ná ni ó bí pósíkáàdì. Bí àwa ṣe wá sọ ọ́ di ọ̀nà ìnákúnàá, ẹ ó gbọ́ láìpẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1870, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ní àkókò yẹn, ojú tí a bá kọ àdírẹ́sì sí, a kò gbọdọ̀ kọ ohun mìíràn síbẹ̀. Ọdún 1902 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí a fa ìlà sí àárín ojú yẹn, kí ọ̀rọ̀ wà lápá kan, kí àdírẹ́sì wà lápá kejì, kí àwòrán sì gba odindi ojú yòókù. Láti ìgbà náà ni àwòrán ti gba ọ̀nà.

Ohun pàtàkì mìíràn ṣẹlẹ̀ láàrin. Ní ọdún 1874, àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè 22 pàdé ní ìlú Bern, ní Switzerland, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UPU. Kí ó tó di ìgbà yẹn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní láti bá èkejì ná owó lórí lẹ́tà tó ń kọjá. Ẹgbẹ́ náà sọ gbogbo ilẹ̀ wọn di ọ̀kan ní ti ìwé fífiránṣẹ́: sítáǹbù ìlú tí lẹ́tà ti gbéra ti tó, àwọn tó kù ní láti gbé e dé ibi tó ń lọ. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò tètè lóye èyí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohun tí ìlú kan kò lè dá ṣe, gbogbo wọn jọ ṣe é. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ yẹn ní ọdún 1961, lẹ́yìn tí a gba òmìnira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1852 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wà ní Èkó. Àwọn àgbà ìgbà wa ṣì ń pè é ní P àti T. Ọdún 1985 ni wọ́n pín in sí méjì, tẹlifóònù lọ sí ọ̀dọ̀ NITEL, ìwé fífiránṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ NIPOST.

ÌTAJÀ ÌWÉ ÀTI PÓSÍKÁÀDÌ TI MỌRA TIPẸ́

Ẹ má rò pé àwa ni a kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀. Ilé ìtàwé CMS ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1869 kan náà tí pósíkáàdì jáde, ta ìwé àdúrà, ìwé iléèwé àti ohun ìkọ̀wé, ó sì tẹ pósíkáàdì tó ní àwòrán ìlú Èkó lára pẹ̀lú. Ilé ìtajà náà ṣì wà títí di òní, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ni CSS.

Ní Freetown ní Sàró, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tẹ̀dó sí, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Àkú, ayàwòrán kan wà tó ń jẹ́ Alphonso Lisk-Carew. Ọdún 1905 ló ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀, arákùnrin rẹ̀ Arthur sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe àwòrán nìkan ni wọ́n ń yà. Wọ́n ń ta ohun èlò fọ́tò, ohun ìkọ̀wé, ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì ń sọ àwòrán ìlú wọn di pósíkáàdì fún títà. Ẹ kíyè sí i: ọjà ni pósíkáàdì jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rà, wọ́n tẹ̀, wọ́n tà. Ibi tí ọ̀nà àwa àti tiwọn ti pínyà nìyẹn, nítorí pé lọ́wọ́ tiwa, pósíkáàdì ń jáde nínú ilé ìtajà, owó kankan kò sì wọlé padà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE PÀṢÍPÀÀRỌ̀ RẸ̀

Àwọn tó jẹ́ ọmọ iléèwé ní bíi 40 tàbí 50 ọdún sẹ́yìn yóò rántí àwọn ọ̀rẹ́ orí ìwé tí a ń pè ní pẹ́ń-pàlì. Àwọn mìíràn a máa kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rédíò ní London, ní Cologne tàbí ní Moscow pé àwọn gbọ́ ètò wọn kedere ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, iléeṣẹ́ náà a sì fi káàdì aláwòrán dá wọn lóhùn. Inú irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti wá.

Lóde òní, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Postcrossing, tí ọmọ ilẹ̀ Portugal kan, Paulo Magalhães, dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2005. Ó ti lé ní 70 mílíọ̀nù káàdì tó ti tipasẹ̀ rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bó ṣe ń lọ rèé. Ìwọ yóò forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fún ọ ní àdírẹ́sì ẹnì kan níbikíbi lágbàáyé, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ìwọ yóò kọ sára káàdì. Ti Nàìjíríà ń fi NG bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún bá gbà á, tó sì fi nọ́ńbà náà jẹ́rìí pé òun ti rí i, orúkọ tìrẹ náà yóò kàn, ẹlòmíràn yóò sì kọ káàdì sí ọ. Kì í ṣe ẹni tí o kọ sí ni yóò kọ sí ọ padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè ní ju káàdì márùn-ún lọ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí káàdì kan bá pé 60 ọjọ́ tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, a lè fi òmíràn ránṣẹ́ rọ́pò.

Ẹ̀yin tó ń dá èsúsú, ẹ gbọ́ ọ yé. Ẹni tó fi sílẹ̀ ni yóò kó, ẹni tí kò fi sílẹ̀ kò ní kó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí tí a ń kó níhìn-ín kì í ṣe owó. Ẹnì kan ní Finland yóò sọ fún ọ pé yìnyín ti bo ọ̀nà ilé òun. Ẹnì kan ní Jàpáànù yóò béèrè irú oúnjẹ tí a ń fi iṣu ṣe. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba pósíkáàdì, orí ìjókòó ló ti ń rìn. A kò purọ́, ó dùn mọ́ wa. Ọjọ́ tí a bá rí káàdì gbà, iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í rẹ̀ wá.

IBI TÍ ÒWÒ OHUN ÌKỌ̀WÉ TI LE

Òwò yìí lérè, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Iléèwé ló gbé e ró. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, gbogbo ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Láti ìgbà yẹn ni ẹni tó ń ta ìwé àti pẹ́ńsùlù kò ti wá oníbàárà tì ní abúlé. Ṣùgbọ́n ọjà náà ní àsìkò. Ó ń yá nígbà tí iléèwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ní oṣù Kìíní àti lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde. Nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ènìyàn lè jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó má ta ju bírò méjì lọ.

Ohun kejì ni pé owó pépà kì í dúró sójú kan. Nàìjíríà ti gbìyànjú láti máa ṣe pépà tirẹ̀. Iléeṣẹ́ pépà ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, ti Oku-Iboku ní 1986, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta lọ́lẹ̀ ní Ìwopin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ wọn kò dé ibi tí a fọkàn sí, nítorí náà òkè òkun ni púpọ̀ nínú pépà tí à ń lò ti ń wá. Bí dọ́là bá ti gbéra báyìí, ìwé ọmọ iléèwé náà gbéra nìyẹn. Ẹni tó bá ta páálí ìwé kan lónìí tó sì ná owó rẹ̀ tán, bó bá dé ọjà lọ́la, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lè má ra páálí kan mọ́.

BÍ ÀṢENAJÚ WA ṢE JẸ OWÓ ỌJÀ

A ó fi ìṣirò ṣàlàyé. Iye owó tí a ó lò jẹ́ àpẹẹrẹ lásán kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà.

Ká ní ọjà tó wà nínú ilé ìtajà jẹ́ ₦150,000, tí gbogbo rẹ̀ sì ń tà tán lóṣù, tí a ń rà òmíràn sí i. Ká ní èrè orí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn ni ₦30,000. Nínú rẹ̀, a ó san ₦15,000 fún ẹgbẹ́. A ó mú ₦12,000 fún oúnjẹ ilé. Ó ku ₦3,000.

Nísinsìnyí, ẹ wo pósíkáàdì. Ká ní sítáǹbù kan jẹ́ ₦600, káàdì fúnra rẹ̀ ₦200. ₦800 nìyẹn fún ẹyọ kan. Bí a bá kọ márùn-ún lóṣù, ó di ₦4,000. Bí a bá wọkọ̀ lọ sí Ṣakí nítorí àtifi wọ́n ránṣẹ́ nìkan, tí àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦2,000, gbogbo rẹ̀ di ₦6,000. Bírò mélòó ni a ó tà kí a tó rí i? Bí èrè orí bírò kan bá jẹ́ ₦20, 300 bírò ni. Páálí mẹ́fà tí ó jẹ́ aláàádọ́ta! Gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lè má ra tó bẹ́ẹ̀ lóṣù.

A ní ₦3,000, a ná ₦6,000. Níbo ni ₦3,000 tó kù ti wá? Inú ojú owó ni. Kò sí ẹni tó rí i, nítorí pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lóṣù kìíní, a kò ra páálí kan. Lóṣù kejì, a kò ra páálí kan mìíràn. Láàrin oṣù mẹ́wàá, ₦30,000 ti lọ, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọjà. Ọjà tó sì ti dínkù kò lè mú èrè ti tẹ́lẹ̀ wá. Bó ṣe di pé owó ẹgbẹ́ kò pé mọ́ nìyẹn.

Nígbà tí a jókòó ṣe àyẹ̀wò, ọ̀nà mẹ́rin ni owó ti ń jò.

Èkíní, owó sítáǹbù. Inú àpótí owó ọjà ni a ti ń mú un, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì, ọjà orí pẹpẹ. Bírò tí a fi ń kọ káàdì, gọ́ọ̀mù, àpò lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ni a ń na ọwọ́ mú bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ̀kẹta, káàdì tí a rà fún títà. A ra mẹ́wàá, a ní èyí tó dára jù nínú wọn kò yẹ fún oníbàárà, a fi márùn-ún sílẹ̀ fún ara wa.

Ẹ̀kẹrin, àkókò. Ọjọ́ tí a bá lọ fi káàdì ránṣẹ́, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ọmọ tí olùkọ́ ní kó wá ra rúlà yóò lọ sí ibòmíràn, ó sì lè má padà wá mọ́.

Bàbá tó ṣe onígbọ̀wọ́ wa ló la ojú wa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí i pé gbèsè wa ti wọ oṣù kejì, ó wá sí ilé ìtajà. Kò pariwo. Ó wo àwọn káàdì tí a tò sára ògiri, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Akọ̀wé, àwòrán yìí mà dára o. Èwo nínú wọn ni owó ẹgbẹ́?” A kò rí èsì fọ̀. Ìyàwó wa tó jókòó sídìí káńtà ló dáhùn pé, “Bàbá, gbogbo wọn ni.”

Ẹ̀yin ará, ìtìjú ọjọ́ náà pọ̀. Bí a kò bá san án, àjẹṣẹ́kù bàbá yìí, tó ti ń fi sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gbin tábà, ni ẹgbẹ́ yóò mú lé e. Ohun tí onígbọ̀wọ́ fi lélẹ̀ fún wa kì í ṣe ìbúwọ́lùwé lásán. Òógùn ara rẹ̀ ni.

OHUN TÍ A ṢE SÍ I

Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a jó gbogbo káàdì náà níná. A kò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹ kó ní ohun tí yóò máa mú inú rẹ̀ dùn. Ẹlòmíràn ń ta ayò, ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn ń mu ẹmu. Kò sí èyí tí kì í ná ni lówó nínú wọn. Ohun tó burú ni kí àṣenajú àti ọjà máa jẹun nínú àwo kan náà. Nítorí náà, a ṣe òfin márùn-ún, a sì kọ ọ́ mọ́ ara ògiri.

1. Àpótí méjì, ìwé méjì. Àpótí ọjà wà lọ́wọ́ ìyàwó wa. Àpótí pósíkáàdì jẹ́ agolo mílíìkì kan tí a gbẹ́ ihò sí lórí. Owó kankan kò gbọdọ̀ ti inú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú èkejì láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù wa.

2. Ẹni tó ni ọjà náà gbọdọ̀ máa ra ọjà. Bí a bá mú bírò kan lórí pẹpẹ, a ó san owó rẹ̀ bí oníbàárà. Bí ọmọ wa bá fẹ́ ìwé, a ó san án. Ó ń dàbí àwàdà, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ìṣirò yé wa.

3. Gbèsè ẹgbẹ́ ni a ń kọ́kọ́ yọ. Kí a tó ra sítáǹbù kan, owó ẹgbẹ́ ti wà lọ́tọ̀. Bí kò bá pé, kò sí káàdì lóṣù náà. Àwọn tó wà ní òkè òkun kò ní kú bí a kò bá kọ̀wé.

4. A kì í wọkọ̀ nítorí káàdì nìkan mọ́. A ń kó o pamọ́ di ọjọ́ tí a bá ń lọ ra ọjà ní Ṣakí tàbí ní Ìṣẹ́yìn. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, ₦3,000 tó ṣẹ́kù yóò rán káàdì mẹ́ta, ₦600 yóò sì ṣẹ́kù. Mẹ́ta ti tó.

5. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, a ń ka ọjà. Gbogbo ẹni tó yá owó ẹgbẹ́ ló yẹ kó mọ ìṣirò yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi pamọ́:

Iye ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù: ₦150,000
Ẹ fi iye ọjà tí a rà kún un: ₦150,000
Àròpọ̀: ₦300,000
Ẹ yọ iye ọjà tó kù ní òpin oṣù: ₦150,000
Ọjà tó jáde, ní iye tí a rà á: ₦150,000
Èrè tó yẹ (ìdá kan nínú márùn-ún): ₦30,000
Owó tó yẹ kó wọlé: ₦180,000
Owó tó wọlé ní tòótọ́: ₦174,000
Ohun tó sọnù: ₦6,000

Bí ẹ bá ṣe ìṣirò yìí tí ohun kan sọnù, ẹ má sáré fẹ̀sùn kan ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí aládùúgbò. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín.

BÍ PÓSÍKÁÀDÌ ṢE LÈ RAN ILÉ ÌTAJÀ LỌ́WỌ́

Nígbà tí a ti fi ààlà sí i tán, a wá rí i pé àṣenajú yìí pàápàá lè mú ọjà wá. Àwọn ọmọ tó ń wá ra nǹkan a máa dúró wo àwòrán ara ògiri. Wọ́n ń béèrè pé ibo nìyí, ibo nìyẹn. Olùkọ́ kan rí i, ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì òun kọ káàdì sí kíláàsì mìíràn ní ìlú mìíràn, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń kọ àdírẹ́sì àti bí a ti ń sọ ohun púpọ̀ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ra káàdì àti bírò.

Káàdì náà kò ṣòro láti ṣe. Bébà líle tí a ń pè ní káàdìbọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ìwọ̀n A4, bí a bá gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ni sẹ̀ǹtímítà 10 àti ààbọ̀ níbùú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 lóròó. Ìwọ̀n pósíkáàdì gan-an nìyẹn. Kí ó má kéré ju 9 sí 14 lọ, nítorí pé ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé gbà nìyẹn. Ẹni tó bá ra ìdì káàdìbọ́ọ̀dù 100 yóò rí 400 pósíkáàdì nínú rẹ̀. Ọmọ iléèwé lè ya àwòrán sí i fúnra rẹ̀.

Èyí tó tún wù wá láti gbìyànjú ni káàdì àwòrán Òkè-Ògùn. Àwọn tó ń kọ̀wé sí wa láti òkè òkun kì í fẹ́ àwòrán ilé gíga Èkó. Wọ́n ń béèrè ibi tí àwa ń gbé. Àwòrán kò wọ́n lọ́dọ̀ wa: adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè, àwọn ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, igbó ọba ní Ìgbòho níbi tí a sin àwọn Aláàfin ìgbà àtijọ́ sí, igi ẹ̀mí nínú ọ̀dàn wa, àti ọjà iṣu. Àwọn àgùnbánirọ̀ tí ń péjọ sí àgọ́ wọn ní Ìṣẹ́yìn yóò fẹ́ ohun tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé. Bí a bá rí ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ayàwòrán, a lè jọ ṣe é, kí á tẹ díẹ̀ wò ná. Ẹni tí a bá ya àwòrán rẹ̀, kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà àwọn ará Freetown yẹn ni a fẹ́ tọ̀: kí káàdì jáde, kí owó wọlé.

ÌKÌLỌ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kíyè sí nǹkan díẹ̀. Pósíkáàdì kò ní àpò, nítorí náà, ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà báńkì tàbí ọ̀rọ̀ àṣírí ilé sí i. Ẹ má fi owó sínú lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló ń kọ̀wé, àdírẹ́sì iléèwé ni kí ó lò, kí olùkọ́ sì máa ka ohun tó bá dé. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà; àpótí ìfìwéránṣẹ́ ti iléèwé, ti ìjọ tàbí ti mọ́sálááṣí sàn jù, bí àwọn tó ni ín bá gbà. Bí ẹni tí ẹ kò rí rí bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó, tàbí tó ń ṣèlérí owó, ẹ dákẹ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́ kì í fi gbèsè bẹ̀rẹ̀.

ÒPIN Ọ̀RỌ̀

A ti san owó oṣù méjì náà tán, pẹ̀lú owó ìtanràn tí òfin wa là sílẹ̀. Akápò ti fún wa ní rìsíìtì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí i lè béèrè rẹ̀ ní ìpàdé. Àjẹṣẹ́kù bàbá onígbọ̀wọ́ wa wà ní pípé. Ọjọ́ tí a mú rìsíìtì náà lọ fi han bàbá, ó ní kí a fún òun ní káàdì kan. A ní èwo ló fẹ́. Ó ní èyí tó ní yìnyín lára, kí òun lè máa wò ó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. A fún un. Ó na owó sí wa, ó ní òun kò fẹ́ kí ìṣirò wa tún dàrú. A gba owó náà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pósíkáàdì. Owó àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú agolo láti ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń ṣí ilé ìtajà tuntun, a kò ní kí ẹ má ṣe ṣe fàájì. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní àpótí tirẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń ra ọjà ní àjùmọ̀rà kí ó tó di oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé páálí kan tí a dá rà wọ́n ju èyí tí ẹni mẹ́wàá jọ rà lọ.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ṣe àṣedànù o. Àmín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́